SMS àbí YouTube: èwo ló máa jẹ́ kó o kàwé lójoojúmọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń múra JAMB n'Ífẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ lórí ọ̀nà méjì yìí: ìbéèrè tí wọ́n ń fi SMS ránṣẹ́ sórí fóònù yín, àti fídíò YouTube. Fídíò YouTube dáa o, tíṣà á ṣàlàyé, wàá rí bí wọ́n ṣe yanjú ìṣirò yẹn látòkèdélẹ̀, SMS ò lè ṣèyẹn láéláé. Ṣùgbọ́n dátà ńkọ́? Tí dátà bá tiẹ̀ wà, kó o tó wo ẹyọ kan tán wàá ti bá ara ẹ nídìí skit, ilẹ̀ á ti ṣú.

SMS ní tiẹ̀, fóònù onítọ́ọ̀ṣì lásán ń gbà á, kò bèèrè dátà, tí NEPA bá sì jẹ́ kí fóònù kú, tó o bá tàn án padà ó ṣì lè wọlé. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Lágéré lè kà á kí kọ́sítọ́mà tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà: ìbéèrè kan, ó fi B fèsì, ó parí. Ohun tó kéré báyìí ló ń mọ́ni lára, pàápàá tó bá ń wọlé lásìkò kan náà láràárọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́tà 160 ni SMS kan ń gbà, tí wọ́n bá wá fi Yorùbá kọ ọ́, lẹ́tà bí ẹ tàbí ṣ kan ṣoṣo ti já a sí 70 (ẹ̀tanú rèé o!), ìyẹn ni pé àlàyé á gé kúrú gan-an.

Èmi, SMS ni mo mú. Fídíò, ẹ fi í sí Sátidé, fún tópíìkì tó bá le.