Oṣù mọ́kànlá lórí ọkọ̀ Bluenose onígi: ohun tójú mi rí

Ẹni tó bá ń wá nǹkan tó máa tò tán láàárín ọjọ́ méjì, èyí kọ́ o. Ọkọ̀ ojú omi kékeré ni, àwòṣe Bluenose tí wọ́n máa ń kó igi ẹ̀ sínú páálí kéèyàn tò ó fúnra ẹ̀. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá tí mo ti wà lórí ẹ, okùn nìkan ló kù, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé owó tí mo fi rà á ò ṣòfò.

Bluenose ni wọ́n wò ṣe é, ọkọ̀ onígbòkun olópòó méjì tí wọ́n sọ sómi ní Lunenburg ní Kánádà lọ́dún 1921, ọkọ̀ apẹja ni àmọ́ ó tún bá àwọn ọkọ̀ míì díje nígbà ayé ẹ̀, òun náà ni wọ́n yà sára owó ẹyọ sẹ́ǹtì mẹ́wàá wọn. Òṣùwọ̀n 1:64 lèmi rà, ìyẹn ni pé ohun tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 64 lára ọkọ̀ gidi, sẹ̀ǹtímítà kan péré ni lórí tábìlì mi. Ẹ̀mú ni mo fi ń mú àwọn nǹkan kéékèèké ibẹ̀.

Igi inú páálí yẹn dáa gan-an ni. Lésà ni wọ́n fi gé àwọn egungun ìhà ọkọ̀, wọ́n sì wọnú igi ìdí ọkọ̀ ṣinṣin. Basswood ni pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń bò ó lára, ó rọ̀, kì í tètè là. Ìwé àlàyé ẹ̀ ló bí mi nínú, torí ibi tó le jù lọ, gbólóhùn méjì péré ni wọ́n kọ sí i.

Ibi tó le jù yẹn ni etí àwọn egungun ìhà. Ṣẹ́ ẹ rí i, iwájú ọkọ̀ máa ń fún wọlé, tí etí egungun bá ṣì dúró ṣánṣán, igun ẹ̀ nìkan ni pákó máa fara kàn, kò ní jókòó dáadáa, ẹ máa fi sánpépà ha á díẹ̀díẹ̀, ẹ gbé pákó kan lé e wò, ẹ tún ha á, ẹ tún gbé e lé e. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣèyẹn nìkan, mi ò kábàámọ̀ ẹ̀ rárá.

Ibi tí mo ti ṣàṣìṣe ni ti omi. Èèyàn máa ń rẹ pákó sómi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kó lè ṣeé tẹ̀, mi ò sì dúró kó gbẹ, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ mọ́ báyìí, àlàfo ti wà láàárín pákó mẹ́rin, torí igi tó mumi máa ń wú, tó bá gbẹ á sún kì. Mo tú gbogbo ẹ̀. Ní báyìí mo máa ń dè é mọ́ ìgò di ọjọ́ kejì kí n tó lẹ̀ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ti lẹ ọ̀kan sí ọ̀tún, òsì ló kàn, tápá kan bá ṣáájú jù, igi ìdí ọkọ̀ máa wọ́.

Pákó kan lálẹ́, fóònù wà ní yàrá kejì. Lálẹ́ tí mo fi sánpépà tó kúnná parí ara ẹ̀, mo dijú, mo fi àtàǹpàkò wọ́ ọ látiwájú dé ẹ̀yìn, kò síbi tó ta mí lọ́wọ́, mo jókòó síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan tí mò ń wò ó ṣáá.

Òwú tí wọ́n fi sí i fún okùn ọkọ̀ ò dáa, irun wà lára ẹ̀, ìda oyin ni mo fi ń pa á kó tó dán. Ẹ yáa ra òwú míì mọ́ ọn látìbẹ̀rẹ̀. Okùn òpó iwájú lápá òsì ló kàn lálẹ́ òní.