Ọjọ́ kan ní Oval, láti ẹnu ọ̀pẹ́

Ọdún 16 ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì 36 láti Peckham kọjá nítòsí pápá Oval, n kò wọ inú rẹ̀ rí. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa kíríkẹ́ẹ̀tì ò ju pé àwọn aláṣọ funfun máa ń dúró káàkiri orí koríko, wọ́n á sì lọ mu tíì. Ọmọ mi obìnrin ló ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi. Ó ní, "Màámi, ẹ lọ jókòó síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní í rán yín níṣẹ́."

Surrey, ẹgbẹ́ tó fi Oval ṣe ilé, ló gba ẹgbẹ́ Essex lálejò nínú County Championship, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbègbè, Sátidé, ọjọ́ kejì eré, ni mo sì lọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi ń ṣe eré kan ṣoṣo, wọ́n sì tún lè parí rẹ̀ láìsí ẹni tó borí. Ajubọ́ọ̀lù á jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ìyẹn ni over kan, ẹlòmíràn á sì gbà á láti apá òdìkejì. Over 96 ni wọ́n là sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Tó bá jẹ́ Arsenal lẹ mọ̀, ẹ máa kọ́kọ́ rò pé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n rán yín lọ.

Wákàtí àkọ́kọ́, n kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Táwọn èèyàn bá pàtẹ́wọ́, èmi náà á pa á. Bàbá àgbàlagbà kan, ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé Brixton, ló yọ mí. Ìwé wà lórí itan wọn tí wọ́n ń kọ bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan sí. Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí onígi, ẹni tó yẹ kó fi igi gbá a, fi ń wo bọ́ọ̀lù bó ṣe ń kọjá láìfọwọ́ kàn án. Wọ́n ní bọ́ọ̀lù pupa náà ṣì tuntun, ó máa ń yà lójú ọ̀nà, ẹni tó bá gbọ́n á jẹ́ kó kọjá. Háà! Ayò nìyí. Ọ̀ta ò kánjú jẹ, ọ̀pẹ́ ló ń kánjú. Àti àwọn òǹwòran tí ẹnu wọn ò dákẹ́, bíi ti abẹ́ igi ọdán wa gẹ́lẹ́.

Bàbá ní àwọn wà ní pápá yìí ní 1976, nígbà tí ọ̀dá sọ koríko di pípọ́n, tí Michael Holding, ajubọ́ọ̀lù West Indies, sì lé onígi 14 jáde nínú eré kan. Wọ́n tún sọ ti Bradman, onígi ará Australia: run (àmì ayò tí onígi ń kó jọ) 4 péré ló kù fún un ní 1948 kí ìpín rẹ̀, ìyẹn iye run tó ń kó ní ìdọ́gba kí wọ́n tó lé e jáde, lè pé 100, ó bọ́ síta ní Oval yìí kan náà pẹ̀lú òdo. 99.94 ni ìpín náà dúró sí.

Ní aago kan, wọ́n dúró jẹun fún ogójì ìṣẹ́jú. Móínmóín ewé tí mo gbé wá la jọ jẹ. Òjò dé lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n fi táńpólì bo àárín pápá, a jókòó ju wákàtí kan lọ, kò sẹ́ni tó dìde lọ ilé. Òtútù náà ò ṣe é fẹnu sọ. Ẹ mú súwẹ́tà dání, kódà nínú oṣù Karùn-ún.

Ohun tó dùn mí ni pé pápá yìí gba èèyàn tó ju 27,000 lọ, àga òfìfo ló pọ̀ jù. Dúdú bíi tèmi ò sì tó nǹkan. Bàbá ní bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan làwọn ọmọ-ọmọ àwọn mọ̀. Nítorí irú èyí ni Surrey fi dá ètò ACE sílẹ̀ ní 2020 fún àwọn ọmọ dúdú, Ebony Rainford-Brent, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ṣeré fún England, ló sì ṣíwájú rẹ̀.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ku run 3 kí onígi Surrey kan pé 100. Ó gbá bọ́ọ̀lù sókè, àwọn Essex hán an kó tó balẹ̀, ó jáde nìyẹn. Mo ti dìde kí n tó mọ̀, mo ń pariwo "Yéè!" Àwọn Essex pàápàá pàtẹ́wọ́ fún un bó ṣe ń lọ. Bàbá kàn kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wọ́n ní, "Bíi Bradman."

Lọ́jọ́ Àìkú, mo fi fóònù sáàárín ìwé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń wo iye run.