VMware, Proxmox àbí Hyper-V: èwo ló mọ mẹ́mórì ṣọ́ ná?

Ṣé ẹ fẹ́ ra sẹ́fà (server) tí yóò gbé VM mélòó kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà àfarawé tó ń ṣiṣẹ́ nínú sẹ́fà kan, fún ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn ní Adó-Èkìtì? Ọ̀rọ̀ RAM, ìyẹn mẹ́mórì sẹ́fà, ni kí ẹ kọ́kọ́ bá ẹni tó ń tà á sọ. Òun ló sábà máa ń tán nígbà tí CPU ṣì ń sinmi. VMware, Proxmox àti Hyper-V, àwọn ètò tó ń gbé VM, ni wọ́n máa ń gbé wá fún wa. Gbogbo wọn ló lè fa mẹ́mórì gùn, kí ẹ lè pín ju iye tó wà lọ fún àwọn VM, àmọ́ ọ̀nà wọn ò dọ́gba.

VMware ESXi

Ọgbọ́n tirẹ̀ ló pọ̀ jù. Tí RAM bá fẹ́ tán, balloon, ètò kékeré kan nínú VM kọ̀ọ̀kan, á gba àyè padà, VM fúnra rẹ̀ ni yóò yan ohun tó lè fi sílẹ̀. Tí ìyẹn ò bá tó, ESXi á fún dátà inú RAM pọ̀ mọ́ra. Dísìkì, tó lọ́ra ju RAM lọ, ló máa ń sá sí kẹ́yìn; swap nìyẹn. Ó lè jẹ́ kí VM méjì jọ lo ẹ̀dà dátà kan náà, ṣùgbọ́n láti ìparí 2014 ni wọ́n ti tì í pa nítorí ààbò, àfi tí ẹ bá ṣí i fúnra yín. Owó ló ń le: lẹ́yìn tí Broadcom ra VMware ní 2023, kò sí láísẹ́ǹsì tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan mọ́, àsansílẹ̀ tí ẹ ó máa tún san ni.

Proxmox

Orí KVM, ohun tó ń gbé VM nínú Linux, ló jókòó, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìrànlọ́wọ́ wọn ni wọ́n ń sanwó fún. KSM, tó wà nínú Linux láti 2009, máa ń wá dátà tó jọra láàárín àwọn VM, á fi ẹyọ kan sílẹ̀. VM tó bá fẹ́ kọ nǹkan sí i ló máa gba ẹ̀dà tirẹ̀. Red Hat, ilé iṣẹ́ Linux kan, fi gbé VM Windows XP 52, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 1GB, sórí sẹ́fà 16GB. Ẹ má fi ìyẹn ṣírò tiyín o, ìbejì ni àwọn VM wọ̀nyẹn. Tí tiyín bá jẹ́ Windows kan, Ubuntu kan, dátábéèsì kan, èrè rẹ̀ á kéré. Tí oníbàárà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bá sì jọ wà lórí sẹ́fà kan, ẹ pa KSM nítorí ààbò.

Ní ọ́fíìsì kan ní Adó tí mo ti ṣiṣẹ́, 64GB ni sẹ́fà, a sì pín 96GB fún VM mẹ́sàn-án. Kò sí wàhálà, títí di òwúrọ̀ Mọ́ńdè kan tí iná lọ, tí ínfátà náà sì kú. Nígbà tí iná dé, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán jí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Windows bá ń jí, ó máa ń fọwọ́ kan gbogbo mẹ́mórì rẹ̀. Balloon ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, KSM ò tíì rí nǹkan kan pa pọ̀. Ni sẹ́fà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi dísìkì ṣe RAM. Iná dísìkì ń ṣẹ́jú láìdákẹ́, ojú ìwé kan lọ́dọ̀ akápò ń gba ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó ṣí, àwọn tó fẹ́ sanwó sì tò dé ìta.

Hyper-V

Ti Microsoft ni. Kì í pa dátà tó jọra pọ̀. Dynamic Memory, tó dé ní 2011, ló fi ń bu mẹ́mórì kún VM, tó sì fi ń bù ú kúrò, láàárín ìwọ̀n tí ẹ bá fún un. Ó dára fún ọ́fíìsì tó jẹ́ Windows látòkè délẹ̀. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láísẹ́ǹsì Windows Server Standard kan, VM Windows méjì péré ló gbà. Datacenter ni kò ní òǹkà.

Tó bá jẹ́ èmi, Proxmox ni n óò mú, kí n sì ra RAM fún un. Èyí tó wù kí ẹ mú, kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n pa gbogbo VM, kí wọ́n sì tan wọ́n pọ̀ lójú yín. Tí swap bá ń gòkè, kí wọ́n fi RAM kún un, tàbí kí wọ́n ṣètò kí VM máa jí tẹ̀ léra. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní ètò yẹn.