Wọ́n ní kí n ra odidi gíábọ́ọ̀sì: ìsọ̀ bàbá kan ní Gate, Ìbàdàn

Tí ẹ bá ní Land Rover àtijọ́ ní Ìbàdàn, tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ń pariwo, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ìsọ̀ kan wà ní Gate tí kò ní pátákó. Ẹ ṣáà béèrè bàbá gíábọ́ọ̀sì, àwọn tó ń ta páàtì yóò mú yín débẹ̀.

Series III ni tèmi, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù lítà 2.25. A ti jó ṣẹ́sì rẹ̀ tó dípẹtà, bíréèkì ti dáa, ó wá ku gíábọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì kan ti ní kí n pa á tì, kí n lọ ra tòkunbọ̀. Kò tilẹ̀ wa ọkọ̀ náà kó tó sọ bẹ́ẹ̀.

Bàbá yìí kò fọwọ́ kan sípánà rárá. Wọ́n ní kí n tan ọkọ̀, kí n fi í sí nútírà. Ariwo ń lọ wùù. Wọ́n ní kí n tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ariwo dákẹ́. "Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Ká ní bẹ́árín kílọ́ọ̀ṣì ni, ìgbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an ni ì bá ké. Inú gíábọ́ọ̀sì ló wà."

Ni wọ́n bá wọlé jókòó, ó di ọ̀nà Mápó. Ní jíà kìíní, ìkejì àti ìkẹta, ariwo yẹn ò sinmi. Bí mo ṣe fi í sí ìkẹrin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Èyí ló wú mi lórí jù, torí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: ní jíà kẹrin, tààrà ni agbára ẹ́ńjìnnì ń gbà kọjá, ṣáàfù ìsàlẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára ní àwọn jíà yòókù, kàn ń yí lásán ni, kò ru ẹrù. Bẹ́árín ṣáàfù ìsàlẹ̀ yẹn ló ti jẹ. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná lójijì, bóyá jíà kan yóò fò jáde. Ìkankan ò fò. Ìkejì ń ké tí mo bá kánjú fi í wọlé, ṣùgbọ́n bí mo bá fi sùúrù ṣe é, kò ké. Synchro rẹ̀, ìyẹn òrùka idẹ tó ń jẹ́ kí jíà wọlé láìké, ló ti rẹ̀. (Series IIA tó ṣáájú kò tilẹ̀ ní synchro ní jíà kìíní àti ìkejì, àwọn dírẹ́bà ìgbà náà sì wà á.)

Ìgbà tí a padà dé ni wọ́n tó da ọ́ìlì jáde. Ti gíábọ́ọ̀sì kò tó nǹkan, ti transfer box (àpótí jíà ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn) sì kún àkúnwọ́sílẹ̀: síìlì àárín wọn ti já, ọ́ìlì ti ṣí lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìyẹ̀fun idẹ wà nínú ọ́ìlì náà, ṣùgbọ́n máńgínẹ́ẹ̀tì kò gbé èérún irin kankan. Wọ́n ṣí ìdérí òkè, wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n ń fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Gbogbo eyín jíà pé, etí wọn ò sì tíì ṣẹ́. Bẹ́árín, synchro jíà kejì àti síìlì ni wọ́n ní kí n wá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

₦20,000 ni wọ́n gbà fún àyẹ̀wò, wọ́n á sì yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́ tí ẹ bá fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wọn. Kò wọ́n lójú mi.

Ohun tí n kò fẹ́: wọn kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Fóònù mi ni mo fi ká ohùn wọn. Ọmọ iṣẹ́ kan sì ń mu sìgá níbi tí èkejì rẹ̀ ti ń fi pẹtiróòlù fọ irin, bàbá ò sì bá a wí. Mo súnra sẹ́yìn ní tèmi.

Wọn kì í ta páàtì. Ẹ̀yin lẹ máa rà á, ṣùgbọ́n ẹ gbé bẹ́árín wá kí wọ́n wò ó kí ẹ tó sanwó tán, ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Ẹ mú EP90, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì, tiyín lọ́wọ́. Àárọ̀ ló dáa jù. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tó bá ti di agogo méjìlá, wọ́n ti tilẹ̀kùn.