Katakata àtijọ́ tó ń fẹ́ agbára sí i: àtúnṣe, pọ́ǹpù, tọ́bò, àbí ká kúkú ra òmíràn?

Ẹni tó bá ń fi Massey Ferguson àtijọ́ túlẹ̀ ní Òkè-Ògùn mọ ohùn náà dáadáa. Pláù onídísìkì mẹ́ta wọ ibi tí ilẹ̀ ti le, ohùn ẹ́ńjìnnì lọ sílẹ̀, èéfín dúdú tú jáde, dírẹ́bà fa gíà wálẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìmọ̀ràn á ti pọ̀ ju iṣẹ́ lọ: ẹnì kan ní kí ẹ lọ ra tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń lo èéfín ẹ́ńjìnnì láti ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sí i wọ inú rẹ̀, ẹnì kan ní òun mọ sùkúrúù kan tí òun máa yí lára pọ́ǹpù tó ń fún ẹ́ńjìnnì ní dísẹ́lì, ẹnì kan ní kí ẹ tà á kí ẹ lọ gbé Tòkunbọ̀ tó tóbi jù ú lọ. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn. Àmọ́ owó kan náà ni gbogbo wọn ń bá yín ná.

Ibi tí mo dúró sí rèé, kí ẹ má baà máa wá a títí dé ìsàlẹ̀: ọ̀pọ̀ katakata tí wọ́n ń wá agbára kún ni agbára tí wọ́n gbé wá láti ilé-iṣẹ́ ti sọnù lára rẹ̀. Ẹ gba ìyẹn padà ná. Bí kò bá tó, tí ẹ́ńjìnnì sì le koko, tọ́bò ló kàn. Pọ́ǹpù yíyí nìkan, láìsí tọ́bò, èmi ò ní bá yín dá sí i.

| Ohun tí ẹ fẹ́ náwó sí | Agbára tí ẹ lè retí | Owó | Ohun tó lè bàjẹ́ |
|---|---|---|---|
| Àtúnṣe: fíltà, nọ́súlù, kalibréṣọ̀n, tápẹ́ẹ̀tì | Èyí tó ti sọnù nìkan | Ó kéré | Kò sí, bí ọwọ́ mẹkáníìkì bá mọ́ |
| Dísẹ́lì púpọ̀ sí i láti pọ́ǹpù | Díẹ̀, pẹ̀lú èéfín | Ọ̀fẹ́ lónìí | Pístìnì, gásíkẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì |
| Tọ́bò | Kò ju ìdámárùn-ún lọ | Ó ga | Kílọ́ọ̀ṣì, gíà, pístìnì bí wọ́n bá fún un jù |
| Katakata tó tóbi jù | Iye tí ẹ bá rà | Ó ga jù | Àpò yín |

Àtúnṣe: ibi tí mo ti máa kọ́kọ́ náwó

Púpọ̀ nínú Massey ọ̀wọ́ 200 àti 300 tó wà lóko wa ló ní ẹ́ńjìnnì Perkins onísílíńdà mẹ́rin, 4.236 tàbí 4.248. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, ẹ má gba ẹnu ẹni tó tà á fún yín gbọ́, nítorí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì lára ọ̀pọ̀ wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ lítà 3.86, èkejì lítà 4.06. Ẹni tó bá ní kí ẹ yọ 4.236 kí ẹ fi 4.248 rọ́pò nítorí agbára, nǹkan bíi 5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń tà fún yín. Bí ẹ́ńjìnnì yín bá ti kú tán, ẹ gbà á. Bí kò bá tíì kú, kò yẹ lówó.

Eruku ló ń kọ́kọ́ gba agbára. Ẹ́à kìlínà tó ní abọ́ ọ́ìlì nísàlẹ̀ máa ń di ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ń fa háró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí afẹ́fẹ́ mí kò lè jó dísẹ́lì tí wọ́n fún un, ìyẹn ni èéfín dúdú tí ẹ ń rí. Fífọ abọ́ yẹn àti pípààrọ̀ ọ́ìlì inú rẹ̀ kò ju iṣẹ́ ìdajì wákàtí lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń ná iye owó tọ́bò nígbà tí ìtẹ́ agbọ́n wà nínú ọ̀nà afẹ́fẹ́ katakata.

Dísẹ́lì ló kàn. Omi àti ìdọ̀tí inú dísẹ́lì tí wọ́n ti lú máa ń jẹ ẹnu nọ́súlù tó ń fọ́n dísẹ́lì sínú sílíńdà, dípò kó fọ́n bí ìkùukùu, á máa kán tó tó. Ẹ yọ nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kó wọn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò, kí ẹ dúró tì í, kí ẹ fi ojú ara yín wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fọ́n. Bí ó bá ní kí ẹ fi sílẹ̀ kí ẹ padà wá lọ́la, ẹ wá ẹlòmíràn, nítorí ayédèrú nọ́súlù kún ọjà, ojú kan náà ni wọ́n sì ní. Kí wọ́n ṣe kalibréṣọ̀n pọ́ǹpù (títún ìwọ̀n dísẹ́lì rẹ̀ ṣe) lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n pààrọ̀ fíltà dísẹ́lì, kí wọ́n sì sẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, àlàfo tó wà lókè fáfù. Mẹkáníìkì kò fẹ́ràn iṣẹ́ tápẹ́ẹ̀tì torí kò gba owó, àmọ́ fáfù tí kò pa dáadáa ń jẹ́ kí ìfúnpá jò.

Ìdánwò kan wà tó máa ń yọ ọ̀rọ̀ ríńgì tó yí pístìnì ká síta láìsan kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná, kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹ wá ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí. Kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ máa jáde kò burú. Bí èéfín bá ń tú jáde gìrìgìrì, tí ìdérí tí ẹ gbé lé ihò náà ń jó, ríńgì tàbí sílíífù tí pístìnì ń rìn nínú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ wo ẹnu sàlẹ́ńsà náà: èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọ́ìlì ló ń jó. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, ẹ má ra tọ́bò fún un. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní tà fún yín

Kí ẹ tó gbà pé ẹ́ńjìnnì ni kò lágbára, ẹ wo táyà. Agbára tó bá dé ẹ̀yìn katakata tí táyà ń yọ̀ kò wọ ilẹ̀, dísẹ́lì àti rọ́bà ló ń jẹ. Ọ̀nà tí ẹ lè gbà wọ̀n ọ́n rọrùn. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára táyà ẹ̀yìn. Ẹ gbé pláù sókè, kí katakata rìn títí táyà yóò fi yí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, kí ẹ wọn ibi tó dé. Ẹ ju pláù sílẹ̀, kí ó tún yí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lórí ilẹ̀ kan náà bó ṣe ń túlẹ̀, kí ẹ wọn ín lẹ́ẹ̀kan sí i. Ká ní ó rin mítà 46 nígbà àkọ́kọ́, tó sì rin 40 nígbà kejì, mítà 6 ló yọ̀ dànù, ìyẹn 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàrin 8 sí 15 dára. Bí ó bá ti kọjá 20, ẹ tọ́jú owó tọ́bò yín ná.

Omi ni oògùn rẹ̀. Wọ́n máa ń bu omi sínú táyà ẹ̀yìn títí dé ìdámẹ́ta nínú mẹ́rin. Táyà 18.4-30, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Massey, á gba omi tó lé ní kílò 300. Ẹ kan irin ìwúwo mọ́ iwájú pẹ̀lú kó má baà gbé imú sókè. Táyà tí eyín rẹ̀ ti jẹ tán kò sí ohun tí omi lè ṣe fún un.

Yíyí pọ́ǹpù

Lára ọ̀pọ̀ Perkins wọ̀nyí, pọ́ǹpù CAV DPA ni wọ́n fi sí i. Sùkúrúù tó wà níta, tí wọ́n fi wáyà àti òjé dì, kì í ṣe agbára ló ń fi kún un. Eré tí ẹ́ńjìnnì lè sá tó nígbà tí kò ní ẹrù ló ń gbé sókè. Dírẹ́bà á gbọ́ ohùn tó ga, á ní ó ti dára. Nígbà tí pláù bá wọlẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa padà sí, àfi pé ẹ́ńjìnnì ti ń sá kọjá ohun tí wọ́n ṣe é fún.

Ìwọ̀n dísẹ́lì gan-an wà nínú pọ́ǹpù, lábẹ́ ìdérí kékeré kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè fi díẹ̀ kún un, agbára á sì gòkè lóòótọ́, fún ìgbà díẹ̀. Afẹ́fẹ́ kò pọ̀ sí i, dísẹ́lì ló pọ̀. Èyí tó ṣẹ́kù á di èéfín dúdú, ooru á gòkè nínú sílíńdà, orí pístìnì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Ní oko wa tí oòrùn ti ń mú, tí iwájú redíétọ̀ sì ti kún fún koríko, ó máa ń yá kánkán. Kí wọ́n dá pọ́ǹpù padà sí ìwọ̀n tí ilé-iṣẹ́ fún un lórí ẹ̀rọ ìdánwò, ìyẹn nìkan ni mo fọwọ́ sí.

Tọ́bò

Àwọn ilé-iṣẹ́ fúnra wọn ló kọ́kọ́ fi èyí hàn. Ford 5000 jẹ́ katakata agbára ẹṣin 75. Ní 1971, Ford gbé 7000 jáde: ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin kan náà, lítà 4.2, tọ́bò ni wọ́n fi sí i, ó sì di 94. Ìyẹn ìdámẹ́rin. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ M&W ní Gibson City, ìpínlẹ̀ Illinois, ta tọ́bò fún àwọn àgbẹ̀ láti fi sára katakata tí kò ní in láti ilé-iṣẹ́. Nítorí náà kì í ṣe idán. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé nígbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń ṣe ẹ́ńjìnnì tọ́bò, pístìnì àti ọ̀nà ọ́ìlì rẹ̀ kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti èyí tí kò ní tọ́bò. Tiyín kò ní wọn. Ẹ má retí ju ìdámárùn-ún lọ, kí ara yín lè balẹ̀.

Tọ́bò máa ń tún ohun kan ṣe tí dísẹ́lì kò lè tún ṣe. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní in ń pàdánù bíi 3 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún gbogbo mítà 300 tí ilẹ̀ bá fi ga sí i. Lọ́dọ̀ wa ní ìwọ̀-oòrùn, kò tó ohun tí à ń pariwo. Ẹni tó ń ṣe oko ní Jos, níbi tó ga tó bíi mítà 1,200, mọ̀ ọ́n lára.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń tà lọ́jà ni tọ́bò tí wọ́n yọ lára lọ́rì. Ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Katakata yìí kì í sá ju nǹkan bí 2,000 sí 2,200 yíyí lọ ní ìṣẹ́jú kan. Tọ́bò tí wọ́n ṣe fún lọ́rì ńlá kò ní jí kí ẹ́ńjìnnì tó dé òpin eré rẹ̀. Ẹ bèèrè èyí tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì tó ń lọ sí lítà 4, kí gbogbo nǹkan rẹ̀ sì pé: mánífóòdù tó ń kó èéfín jọ láti inú sílíńdà, páìpù tó ń gbé ọ́ìlì wá àti èyí tó ń dá a padà, gásíkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà afẹ́fẹ́. Páìpù tó ń dá ọ́ìlì padà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sókè níbì kankan, ọ́ìlì á gba inú tọ́bò jò sínú sàlẹ́ńsà.

Tó bá jẹ́ àlòkù, ẹ di irin àárín rẹ̀ mú. Bí ó bá ń mì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kò burú. Bí ó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ti ń ha ara ilé rẹ̀, ẹ dá a padà.

Wọ́n á fi dísẹ́lì díẹ̀ kún un lẹ́yìn tí wọ́n bá fi sí i, níwọ̀nba. Ẹ ní kí wọ́n so aago ìwọ̀n ooru mọ́ mánífóòdù, kí èéfín tó dé tọ́bò. Kí dírẹ́bà má jẹ́ kó kọjá nǹkan bíi 650 °C. Ọ́ìlì yín á máa yára dọ̀tí ju ti tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó pa á lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó máa rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ́ìlì á gan mọ́ irin àárín tọ́bò. Dírẹ́bà tí ẹ ń san owó éékà fún kò ní dúró ìṣẹ́jú mẹ́ta àfi tí ẹ bá wà níbẹ̀. Ẹ ro ìyẹn pọ̀ mọ́ iye owó tọ́bò.

Kílọ́ọ̀ṣì àti gíà kò sì mọ̀ pé ẹ ti fi agbára kún ẹ́ńjìnnì. Fún iṣẹ́ PTO, ọ̀pá ẹ̀yìn katakata tó ń yí ẹ̀rọ mìíràn, bíi ìpakà tàbí fífa omi, kò le tó bẹ́ẹ̀. Fún pláù nínú ilẹ̀ tó kún fún gbòǹgbò, ìdí katakata ló ń gbà á.

Kí ẹ tà á kí ẹ ra òmíràn

Bí iṣẹ́ yín bá ti kọjá ohun tí sílíńdà mẹ́rin lè ṣe lójoojúmọ́, tọ́bò kò ní sọ ọ́ di MF 399 (Massey Ferguson 399). Ìyẹn ní sílíńdà mẹ́fà, ó sì wúwo tó láti lo agbára náà. Dísẹ́lì rẹ̀ pọ̀, pláù tí ẹ ní nílé á kéré fún un, ẹ ò sì ní jèrè rẹ̀ bí éékà tí ẹ ń rí kò bá pọ̀ tó.

Bí ẹ bá lọ wo Tòkunbọ̀, ẹ má ka aago wákàtí sí. Pẹdáálì kílọ́ọ̀ṣì tó jẹ tán lára katakata tí aago rẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún wákàtí méjì ti sọ òótọ́ fún yín. Ẹ so ẹrù mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ gbé e sókè, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bóyá ọwọ́ ẹ̀yìn ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó tàn án. Bí ó bá ti gbóná kí ẹ tó dé, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí ẹ padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì láti wò ó bó ṣe ń ta ní tútù.