Ìjábọ̀ àwọn olùmáàkì WAEC lórí Commerce: ohun ọ̀fẹ́ tó ju ìwé past question lọ

Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé, ìwé past question Commerce ló máa ń kún orí àtẹ àwọn tó ń tàwé. Òbí á rà á, ọmọ á há ìdáhùn inú rẹ̀ sórí. Ṣùgbọ́n WAEC fúnra rẹ̀ ní ohun kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ìjábọ̀ àwọn ọ̀gá olùmáàkì, lójú ewé e-learning àjọ náà. Òun ni a gbé yẹ̀ wò níbí, fún ọmọ tó ń múra Commerce sílẹ̀, pàápàá apá business management tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Èrò wa ni pé kí ọmọ ka èyí ná kó tó náwó sórí ìwé kankan.

Ẹ ó yan iṣẹ́ tí ẹ ń kà, ẹ ó sì yan ọdún. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa rí dá lórí ìdánwò náà lápapọ̀: ibi tí àwọn ọmọ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n kù sí, àti ohun tó lè tún un ṣe. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀. Àbùkù kan náà ló sábà máa ń padà wá: ọmọ kò tẹ̀lé ìlànà, Gẹ̀ẹ́sì kò já gaara, sípẹ́lì kò gún. Ẹ tètè lọ sórí àwọn ìbéèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ lẹ ó ti rí ìbéèrè, ohun tí àwọn olùmáàkì rí nínú ìwé àwọn ọmọ, àti ìdáhùn tí wọ́n ń retí. Ìwé past question á sọ ìdáhùn fún ọmọ. Ìjábọ̀ yìí á fi ibi tí máàkì ti ń jò hàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú ibì kan tí máàkì ti lè jò. Henri Fayol, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ̀wé lórí bí a ṣe ń darí iléeṣẹ́ ní 1916, to ìlànà 14 sílẹ̀. Méjì nínú wọn jọra bí ìbejì: unity of command àti unity of direction. Ti àkọ́kọ́ dá lórí òṣìṣẹ́: ọ̀gá kan ṣoṣo ni kí òṣìṣẹ́ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì dá lórí iṣẹ́: gbogbo iṣẹ́ tó ní ète kan náà, kó wà lábẹ́ olórí kan àti ètò kan. Bí ẹni tó ń tajà ní súpámákẹ́ẹ̀tì bá ń gbàṣẹ lọ́wọ́ máníjà, tí akáǹtáǹtì tún ń rán an níṣẹ́ mìíràn lásìkò kan náà, ìlànà àkọ́kọ́ ló bàjẹ́. Bí ẹ̀ka méjì bá ń polówó ọjà kan náà pẹ̀lú ètò tó ń ta kora, èkejì ló bàjẹ́. Ọmọ tó há orúkọ nìkan á kọ ìtumọ̀ kan náà sábẹ́ méjèèjì, olùmáàkì kò sì ní sanwó ẹ̀ẹ̀mejì fún ọjà kan. Bákan náà ni delegation: ọ̀gá lè fi àṣẹ lé ọmọ abẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun náà ṣì ni yóò jíhìn iṣẹ́ náà.

Theory Commerce ní ìbéèrè 8. Márùn-ún ni ọmọ máa dáhùn, ní wákàtí 2, fún máàkì 100. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú 24 ló bọ́ sí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi 22 ṣe é, kí ìṣẹ́jú 10 ṣẹ́kù fún kíka ìbéèrè àti àtúnyẹ̀wò. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ. State, gbólóhùn kan tó o. Explain, ẹ dárúkọ kókó, ẹ túmọ̀ rẹ̀, ẹ fi àpẹẹrẹ gbè é. Distinguish ló ń pa àwọn ọmọ jù, nítorí ojúkojú ni wọ́n ń fẹ́ kí ẹ fi àwọn nǹkan méjèèjì wéra. Bí ẹ bá sọ ibi tí sole trader, ẹni tó ń dá òwò ṣe, ti ń rí owó ìdókòwò, ibi tí company ti ń rí tirẹ̀ ni kí ẹ kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe bí company ṣe ń pín èrè. Bí wọ́n bá sì ní kókó mẹ́rin, kíkọ méje kò mú máàkì kún. Àkókò ìbéèrè tó kàn ló ń jẹ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ ń sá fún ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni máàkì ti dájú jù. Ẹ wo èyí: opening stock (ọjà tó wà nílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀) ₦120,000, purchases ₦480,000, closing stock (ọjà tó ṣẹ́kù ní ìparí) ₦80,000, sales ₦650,000, expenses ₦45,000. Ẹ pa méjì àkọ́kọ́ pọ̀, ẹ yọ closing stock kúrò, cost of goods sold di ₦520,000. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú sales, gross profit jẹ́ ₦130,000. Ẹ yọ expenses, net profit ku ₦85,000. Average stock ni opening àti closing tí a pa pọ̀ tí a pín sí méjì, ₦100,000. Ẹ fi pín ₦520,000, rate of turnover, iye ìgbà tí ọjà tà tán tí a tún rà, jẹ́ ìgbà 5.2. Ọmọ tó bá fi closing stock nìkan pín in á rí 6.5, ó ti ṣìnà nìyẹn. Mark-up àti margin náà ń da ọmọ láàmú: ₦130,000 yẹn jẹ́ 25% lórí iye tí ọjà ná wa, mark-up nìyẹn; ó sì jẹ́ 20% lórí iye tí a tà á, margin nìyẹn. Ẹ máa kọ fọ́múlà sókè kí ẹ tó fi nọ́ńbà sí i.

Ibi tí ìjábọ̀ náà kù sí ni pé theory ló ń tú wò. Objective, ìbéèrè 50 ní ìṣẹ́jú 50, ìwé past question ló wúlò fún un. Ó tún dáa fún ọmọ tó máa ṣe JAMB, níbi tí Commerce ti jẹ́ ìbéèrè 40. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìṣirò mẹ́ta nínú ìwé náà, kí ẹ ṣe é lójú ẹsẹ̀. Bí ìdáhùn kan kò bá bára mu, ẹ dá ìwé náà padà sórí àtẹ. Èyí tó kàn to A, B, C, D sẹ́yìn láìsí àlàyé kò yẹ lówó.

Ọ̀rọ̀ òfin ló ń fẹ́ ìṣọ́ra jù, nínú ìwé àtijọ́ àti nínú ìjábọ̀ àtijọ́. Ìdáhùn tó ṣáájú 2020 á ní ó kéré tán èèyàn méjì ló lè dá private company sílẹ̀. CAMA 2020, òfin tó de àwọn company ní Nàìjíríà, ti yí i padà, ẹnì kan ṣoṣo ti tó. Authorised share capital, iye ìpín tí company kọ sílẹ̀ pé òun lè pín jù, náà ti kúrò ńlẹ̀. Minimum issued share capital, iye ìpín tó kéré jù tí company gbọ́dọ̀ ti pín fún àwọn onípìn-ín, ló rọ́pò rẹ̀: ₦100,000 fún private company, ₦2,000,000 fún public company. Nigerian Stock Exchange, ọjà tí wọ́n ti ń ra ìpín tí wọ́n sì ti ń tà á, náà di Nigerian Exchange Limited, lábẹ́ NGX Group, ní 2021. Bí ìbéèrè bá kan nọ́ńbà báyìí, ẹ kọ orúkọ òfin mọ́ ọn, kí olùmáàkì lè mọ ibi tí ẹ ti mú un.

Ìjábọ̀ ọdún márùn-ún tó sún mọ́ wa jù ti tó. Ẹ ka ìbéèrè, ẹ dojú fóònù dé, ẹ gbé aago sí ìṣẹ́jú 22, ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wo tiwọn, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ ka ìdáhùn á rò pé òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹ pín àṣìṣe yín sí mẹ́ta: ohun tí ẹ kò mọ̀ rárá, ìbéèrè tí ẹ ṣì kà, àti ìṣirò tí ẹ ṣì. Èyí àkọ́kọ́, ẹ padà sínú textbook. Èkejì, ẹ máa fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń pàṣẹ. Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe irú rẹ̀ márùn-ún lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ sì fi ọwọ́ da àwọn ìbéèrè management kọ sínú ìwé kan, kí ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ lálẹ́ tí kò bá sí iná tàbí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì.