Gbọ̀ngàn Eré Alexandra Palace: Àkísà Tó Tó Sanwó Wò

Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ gbọ̀ngàn eré Alexandra Palace, lórí òkè kan ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù, á rò pé àwọn òṣìṣẹ́ kò tíì parí iṣẹ́ ni. Ọ̀dà ti bó lára ògiri, bíríkì yọjú níbi tí ọnà ara rẹ̀ ti já, àwọ̀ àjà sì ti ṣá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n tó ṣí i padà ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n mú èyí tó kù dúró kí ó má bàa jábọ́, wọn kò sì kùn ún bí ilé tuntun. Bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Àkísà ni gbọ̀ngàn yìí fi ń ṣe fáàrí, ó sì yẹ ẹ́.

Ojú ilé ńlá tí gbọ̀ngàn yìí wà nínú rẹ̀ ti rí nǹkan. Oṣù Karùn-ún ọdún 1873, nígbà Ọbabìnrin Victoria, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, kò sì ju ọjọ́ 16 lọ tí iná fi jó o kanlẹ̀. Ní 1875 ni wọ́n ṣí èyí tí wọ́n tún kọ́, tòun ti gbọ̀ngàn eré tó lè gba nǹkan bí 3,000 òǹwòran. Abẹ́ ìtàgé gan-an ni àrà wà: ẹ̀rọ onígi tí òṣèré fi ń rì wọlẹ̀ tàbí tí ó fi ń ṣàdédé yọ bí iwin, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà níbẹ̀ dòní.

Àmọ́ gbọ̀ngàn náà tóbi jù fún eré, ohùn kì í dé ẹ̀yìn dáadáa, kò sì rọ́wọ́ mú tó àwọn ilé eré àárín ìlú. Wọ́n fi ṣe ilé sinimá, wọ́n fi ṣe ilé ìjọsìn. Nígbà tí BBC sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ amóhùnmáwòrán láti ibẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1936, ibi ìkẹ́rù-sí ló dà. Lójú tèmi, ìpatì yẹn ló gbà á là, torí kò sẹ́ni tó rí i bí ohun tó yẹ kí wọ́n sọ di ìgbàlódé. Iná tó tún jó apá ńlá nínú ilé náà ní 1980 pàápàá kò kàn án.

Fún orin, n kò ní ẹjọ́ rárá; fún eré tí ọ̀rọ̀ ẹnu pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ ra ìjókòó iwájú. Kí ẹ sì tètè dé, kí ẹ lè wo àjà náà dáadáa kí wọ́n tó paná.